A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

    

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa ni: afọ́jú, adití, arọ, odi, abuké, àfín, àti ẹni tí àrùn gé ní ìka. Bóyá ọ̀kan nínú wọn wà ní agbo ilé rẹ. Bóyá ìwọ gan-an tí o ń ka ìwé yìí ni.

A kò wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìkà ènìyàn. Ẹni tó ń fi arọ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó ń sọ òkò lu adití, gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó ń ṣe kò dára. Àwọn àgbà wa ti bá a wí tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní, "A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á." Wọ́n tún sọ fún wa pé ẹni Òòṣà ni abuké, àfín àti arọ, àti pé ẹni tó bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, Ọbàtálá ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí kan àwọn ènìyàn rere. Ó kan ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ó kan àbúrò tó ń bọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kan aládùúgbò tí àánú ń ṣe. Ẹni rere lè ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ ní ibi láì mọ̀, láì ní in lọ́kàn. Báwo ni? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

OHUN TÍ À Ń ṢE LÁÌ MỌ̀

Ẹ wo bàbá kan tí ojú rẹ̀ fọ́. Inú ń run ún. Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, ló ń fà á lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì wo ọmọ náà, ó ní, "Kí ló ń ṣe bàbá rẹ? Láti ìgbà wo? Ṣé ó ń jẹun?" Ojú bàbá ló fọ́. Etí rẹ̀ kò di. Ẹnu rẹ̀ kò yadi. Inú rẹ̀ ló ń run ún, kì í ṣe inú ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ni wọ́n ń bi. Nọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tọ́jú bàbá náà. Síbẹ̀, ó sọ àgbàlagbà di ẹrù tí ọmọdé gbé wá.

Ẹ wo ìyá kan tí kò lè rìn. Ó jókòó ní ẹnu ọ̀nà ọjà, igbá gàrí wà ní iwájú rẹ̀. Ẹnìkan ń kọjá lọ. Ó ju owó 25 fráǹkì sí i lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú ẹni náà dùn délé. Ó ní òun ṣe ìtọrẹ. Ṣùgbọ́n kò bèèrè iye tí wọ́n ń ta gàrí. Ó lọ ra gàrí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ ìyá ló rí. Kò rí ọjà rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń wá láti ibi gbogbo sí ihò àpáta Àrìgbò ní ìlú wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ń há owó fún àwọn aláìlera lẹ́bàá ọ̀nà. A kò ní kí ẹ má ṣe ìtọrẹ àánú. Ẹni tó bá tọrọ, ẹ fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó sílẹ̀ ló ń tọrọ.

Ẹ tún wo ọkùnrin kan tí kò gbọ́ràn. Bàbá wọn kú. Ẹbí péjọ láti pín ilẹ̀. Wọ́n jókòó yí ká, òun náà jókòó. Ó ń wo ẹnu wọn. Ó rí i pé wọ́n ń jiyàn. Ó rí i pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣọ, ó fi ọwọ́ bi í pé, "Kí lẹ sọ?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ dá a lóhùn pé, "Fara balẹ̀, tó bá yá." Kò yá mọ́. Nígbà tí òjò rọ̀, ó gbé ọkọ́ lọ sí ibi tó ti ń kọ ebè iṣu láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó bá igi káṣú tí ẹlòmíràn ti gbìn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń dá aṣọ fún un. Wọ́n kàn rò pé kò pọn dandan kí ó gbọ́.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti ìyá ọlọ́mọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ọ̀pá rìn. Ilé ẹ̀kọ́ jìnnà díẹ̀, òkúta sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá ní, "Ọmọ mi, jókòó tì mí. N kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo bá jẹ ni ìwọ náà yóò jẹ." Ìfẹ́ ni. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Àwọn àbúrò ọmọ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n mọ̀wé, wọ́n kọ́ṣẹ́, wọ́n relé ọkọ. Òun wà ní ẹ̀gbẹ́ ààrò. Nígbà tí ìyá bá kú, ta ni yóò fún un ní ohun tí yóò jẹ? Kí ni yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?

Ẹ wo àwọn mẹ́rin wọ̀nyí dáadáa. Kò sí ẹni tó kórìíra wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn. Ẹlòmíràn ló pinnu fún wọn, láì bi wọ́n léèrè. Àwọn baba wa ní, "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí." Ẹni tó fá a náà lè fá a dáadáa, kí abẹ mú, kí ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló rán an? Olórí kò sí níbẹ̀.

OBÌNRIN TÓ MỌ ÁBÍDÍ LÁÌ RÍ I

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí a rí lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ní abúlé kan tó wà lábẹ́ òkè, kíláàsì ìmọ̀-ọ́n-kọ ìmọ̀-ọ́n-kà ti wà fún ọdún méjì. Orí àpáta pẹrẹsẹ kan ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, nítorí pé atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì mọ́. Ní ọdún kẹta, a ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo àgbàlagbà tí kò tíì mọ̀wé. Wọ́n kọ ọ́ wá. Orúkọ obìnrin kan kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ìsàlẹ̀ àpáta náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti kékeré. Ọwọ́ ló fi ń wọ́ kiri inú ilé.

A bèèrè ìdí rẹ̀. Bàbá àgbà kan dáhùn. Ó ní, "Tíṣà, a kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu ni. Orí àpáta ni kíláàsì wà. Ẹni tí Ọlọ́run ti dán wò báyìí, ẹ jẹ́ kó sinmi." Ohùn àánú ni bàbá náà fi sọ ọ́. Àwọn tó kù mi orí sí i.

A lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà. A kí i, a sì bi í pé, "Ìyá, ǹjẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ìwé?" Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọdún méjì ni mo ti ń gbọ́ ohùn yín lókè yẹn. Mo mọ orin ábídí yẹn sórí. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, mo lè parí rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni n kò tíì rí."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o. Ojú rẹ̀ ríran kedere. Orí rẹ̀ pé. Ó ti kọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, láti inú yàrá. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan bi í léèrè. Fún ọdún méjì gbáko, kò sẹ́ni tó bi í. Àánú ni kò jẹ́ kí wọ́n bi í.

Ìjíròrò náà kò pẹ́. Wọ́n gbé pátákó dúdú sọ̀ kalẹ̀ wá sí abẹ́ igi máńgòrò tó wà ní iwájú ilé rẹ̀. Ohun ìyanu kan tún ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyá àgbà mẹ́ta tí a kò rí rí ní kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Orókún ń dùn wọ́n. Wọn kò lè gun àpáta, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Ọ̀nà tí a là fún ẹnìkan ni àwọn mẹ́ta mìíràn gbà wọlé. Lónìí, obìnrin yìí ló ń kọ ìwé owó àjọ àwọn obìnrin abúlé náà. Nígbà tí owó bá ṣì, òun ni wọ́n ń pè.

ṢÉ ẸSẸ̀ NI, TÀBÍ ÀPÁTA?

Ìbéèrè kan wà nínú ìtàn yìí. Kí ló dí obìnrin náà lọ́nà ẹ̀kọ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, tàbí ibi tí a gbé kíláàsì sí? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì rìn títí di òní. Ibi ìpàdé ni a yí padà. Àwa tí a ń gbé láàrín òkè 41 mọ̀ pé a kò lè ṣí òkè nídìí. Ṣùgbọ́n pátákó kì í ṣe òkè. Ìjókòó ìpàdé kì í ṣe òkè. A lè gbé wọn.

Ní orílẹ̀-èdè Gánà, kò jìnnà púpọ̀ sí ìlú Àkúrà, abúlé kan wà tí ń jẹ́ Adamorobe. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń bí adití ní abúlé náà ju ibòmíràn lọ. Kí ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe? Wọ́n ní èdè ọwọ́ tiwọn. Kì í ṣe adití nìkan ló ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbọ́ràn ní abúlé náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, adití ibẹ̀ lè bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ẹbí. Etí tó di níhìn-ín náà ló di lọ́hùn-ún. Ohun tó yàtọ̀ ni ọwọ́ àwọn tó ń gbọ́ràn.

Àwọn àgbà tún ní, "Afọ́jú tó ní òun yóò sọ òkò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan òkúta." Ìyẹn ni pé kí a má fojú kéré ohun tí ẹni náà mọ̀. Ó ní ohun tó fi rọ́pò ojú rẹ̀. Bí o kò bá bi í, o kò ní mọ̀ ọ́n.

IBI TÍ Ó TI Ń WÁ

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ni, tàbí pé ẹnìkan ló fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ti tú ilé ká, ó sì ti mú kí a fi ọmọ pamọ́ fún àlejò. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa rẹ̀ ní ṣókí.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ máa ń rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Kòkòrò kan tó ń gba inú omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin wọlé ló ń fà á, àjẹsára sì ń dènà rẹ̀. Àrùn yínrùnyínrùn tó ń mú ọrùn le lè di ọmọ létí. Eṣinṣin kékeré tó wà létí odò tó ń ṣàn kíkankíkan ló ń tan àrùn tó ń fọ́ ojú. Ní 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà ńlá sí àrùn yìí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ọkọ̀ òfuurufú ń fọ́n oògùn sí odò. Ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà parí ní 2002. Láti 1987 ni wọ́n sì ti ń fúnni ní oògùn Mectizan tí à ń gbé mì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀tẹ̀ náà ní oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá, bí a bá tètè lọ. Àwọn obìnrin wa tó ń fọ́ òkúta ní ẹsẹ̀ òkè mọ̀ pé èérún òkúta kan lè gba ojú ní ìṣẹ́jú kan. Alùpùpù tó ṣubú lè gba ẹsẹ̀.

Ní ọdún 2022, àjọ ìlera àgbáyé sọ pé bí a bá kó ènìyàn 6 jọ ní ayé, 1 nínú wọn ló ní àléébù ara tó lágbára. Àwọn àgbà tí ojú wọn ti ń ṣókùnkùn wà nínú rẹ̀. Àwọn tí etí wọn ti wúwo wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń tún ọ̀nà ṣe fún wọn, ara wa ni à ń tún un ṣe fún. Ẹni tí kò bá kú ní kékeré yóò darúgbó.

Ẹ gbé ọmọ lọ fún àjẹsára. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé nítorí àrùn lè dènà, ẹni tó ti mú kì í ṣe ènìyàn mọ́.

ORÚKỌ TÍ À Ń PÈ WỌ́N

Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, kò sẹ́ni tó pè é ní Arọ. Bàbá rẹ̀ fún un ní orúkọ. Ìyá rẹ̀ fún un ní oríkì. Kí ló dé tí gbogbo abúlé fi ń sọ pé "Ẹ lọ pe Arọ wá," "Adití ti kọjá," "Ilé Afọ́jú ni mo ń lọ"? A kò fi bú u. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń pe àléébù rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, a ti gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí à ń lò: aláàbọ̀ ara. Ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń kà á. Àbọ̀ wà nínú rẹ̀. Àbọ̀ igbá gàrí kì í ṣe igbá kan. Bí ẹnu bá sọ pé àbọ̀ ara, ọkàn a máa gbọ́ àbọ̀ ènìyàn. Kò sì sí àbọ̀ ènìyàn ní ayé yìí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé àkàndá ẹ̀dá báyìí. Èyí dára. Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

ÀWỌN TÓ GBA Ọ̀RỌ̀ SỌ FÚNRA WỌN

Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà, Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn di í létí. Ó kàwé títí dé yunifásítì. Ní 1957 ó wá sí Gánà, ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Àkúrà. Ní 1960 ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kí ó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní 1987, ilé ẹ̀kọ́ adití tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà ti lé ní 30. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé adití kò lè kàwé. Wọn kò tíì bi adití léèrè. Foster kò nílò láti bèèrè, nítorí pé adití ni òun náà.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú yín mọ orin Yinka Ayefele. Ní oṣù kejìlá ọdún 1997, ìjàm̀bá ọkọ̀ bà á ní eegun ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ń jókòó sí. Ó kọrin, ó sì dá ilé iṣẹ́ rédíò Fresh FM sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ rédíò, ẹ rò ó wò. Àwọn tó lẹ́sẹ̀ méjì ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹni tí kò lè dìde.

A kò sọ pé gbogbo arọ gbọ́dọ̀ di olórin. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà kì í ṣe olórin tán. Ẹni tó fẹ́ hun apẹ̀rẹ̀, kí ó hun ún. Ẹni tó fẹ́ ta gàrí, kí ó tà á. Ohun tí à ń wí ni pé kí ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ ohun tó fẹ́.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2006, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣe àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ilẹ̀ Benin fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2012. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, a gbé òfin tiwa jáde, òfin nọ́ńbà 2017-06, láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, sí ìlera àti sí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Nàìjíríà náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2019.

Àwọn àkàndá ẹ̀dá káàkiri ayé ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n ní: ohunkóhun tó bá kàn wá, ẹ má ṣe é lẹ́yìn wa. Ṣé ẹ gbọ́? Òwe àwọn baba wa nìyẹn. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ inú yàrá. Òfin kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹbí ń pín ilẹ̀ lóru. Àwa la wà níbẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Má bi ẹni tó fà á lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ àgbà, kí i bí o ṣe ń kí àgbà.

2. Bi í kí o tó ràn án lọ́wọ́. Má ṣàdédé fa afọ́jú lọ́wọ́ tàbí kí o gba ọ̀pá rẹ̀. Dárúkọ ara rẹ. Sọ pé, "Bàbá, èmi lágbájá ni. Ṣé kí a jọ kọjá?" Bí ó bá gbà, jẹ́ kí ó di apá rẹ mú. Bí ó bá ní rárá, má bínú.

3. Bí ìpàdé bá wà, bèèrè ibi tí yóò lè dé. Bí adití bá wà nínú ẹbí, wá ẹni tó mọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó jókòó tì í, kí ó máa sọ fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Má dúró di ìgbà tó bá yá. Bí ilẹ̀ ni à ń pín, mú un dé orí ilẹ̀ náà, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ààlà.

4. Mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kí ó fi í sí iwájú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa gbé àpò rẹ̀. Ní Louho, ní ìlú Porto-Novo, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ọmọ adití àti ọmọ tó ń gbọ́ràn ti jọ ń kọ́ ìwé.

5. Pè é ní orúkọ rẹ̀.

6. Bí ó bá ń tajà, ra ọjà rẹ̀.

Ẹ̀yin àkàndá ẹ̀dá tí ẹ ń gbọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá ṣe ohun tí ẹ kò fẹ́, ẹ sọ fún un. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn yín yóò gbọ́.

Ohun kan ló kù. Ọ̀rọ̀ yìí ń lọ lórí rédíò. Afọ́jú yóò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n adití kò lè gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni òun lọ̀rọ̀ kàn. Nítorí rẹ̀ ni ìwé yìí fi dára. Bí adití tó mọ̀wé bá wà ní abúlé rẹ, fún un ní ìwé yìí kí ó kà á. Bí kò bá mọ̀wé, ìyẹn ni iṣẹ́ tó kàn fún wa. Lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lónìí. Fi lẹ́tà kan hàn án. Fi ojú bi í léèrè bóyá ó fẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

Ta ni kò sí láàrín wa níhìn-ín? Ta ló bi í léèrè?

Ibo ni a ti ń ṣe ìpàdé abúlé? Ta ni kò lè dé ibẹ̀?

Orúkọ wo ni à ń pe àwọn àkàndá ẹ̀dá abúlé wa? Ta ló mọ orúkọ àbísọ wọn? Ẹ kọ ọ́ sí ojú pátákó.